Èèpo Ọta Tí Adéfọlá Kó Sápò

Bí ẹ bá ya Cedar Hill, lẹ́bàá ìlú Dallas, lọ́sàn-án Sátidé, tí ẹ rí ilẹ̀kùn gáréèjì kan tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí ọkùnrin gíga kan jókòó sídìí tábìlì nínú rẹ̀, tí àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì dúró yí i ká pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́, ẹ ti dé ilé Adéfọlá nìyẹn. Kì í ṣe mọ́tò ló ń tún ṣe. Ọta ìbọn ìléwọ́ ló ń ṣe. Èyí tí wọ́n bá ti yìn tán, tí èèpo idẹ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, òun a ṣà á, a fọ̀ ọ́, a tẹ̀ ẹ́ padà sípò nínú ẹ̀rọ tó dè mọ́ tábìlì. A fi prámà tuntun sí ìdí rẹ̀, ìyẹn ohun kékeré bíi bọ́tìnnì tí abẹ́rẹ́ ìbọn máa ń gún kí iná tó sọ. A rọ ẹ̀tù sínú rẹ̀, a sì ki orí ọta tuntun bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Inú rẹ̀ a máa dùn sí iṣẹ́ yìí bí inú àgbẹ̀ ṣe ń dùn sí iṣu tó ta dáadáa.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Dallas, àdúgbò Vickery Meadow ló gbé, nínú apátímẹ́ǹtì kan tí èdè ẹnu ará òkè, ará ìsàlẹ̀ àti ará ẹ̀gbẹ́ kò jọra. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn kiri ọsibítù lọ́sàn-án, ó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì nírọ̀lẹ́, títí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn tó ń de ẹ̀rọ mọ́ aláìsàn tí kò lè dá mí. Iṣẹ́ wọn ni láti ṣọ́ ẹ̀rọ náà, kí agbára atẹ́gùn tó ń fẹ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró má baà pọ̀ jù, nítorí bó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀fóró lè ya. Adéfọlá mọ iṣẹ́ náà dunjú, àwọn dókítà sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó fẹ́ Rosemary, ó ra ilé, ó di ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbọ́n níbikíbi tó bá yọjú sí. Ẹ má bá mi wí bí mo bá sọ pé orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn létí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ibi tí ìgbéraga rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí, ìdí èèpo ọta ni ká lọ wò. "Èèpo ọta kì í parọ́," ni ó máa ń wí fún àwọn tó yí i ká. Kò sẹ́ni tó lè wo inú ìbọn nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, ṣùgbọ́n èèpo tó jáde wá á sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ẹ dà á dé, kí ẹ wo prámà ìdí rẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá ṣì rọra tẹ̀ wọnú díẹ̀, àlàáfíà ni. Bó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tó kún ojú ihò rẹ̀ bí ẹ̀kọ tó dì sínú abọ́, tí ẹ̀bá ibi tí abẹ́rẹ́ gún sì wú sókè, agbára inú rẹ̀ ti ń pọ̀ jù nìyẹn. Bí ikùn èèpo bá wá yọ síta lápá ìdí, kí èèyàn gbé ìbọn sílẹ̀ kó máa lọ sílé. Ó tún máa ń kìlọ̀ pé ìbọn ìléwọ́ kì í tètè fi àmì hàn, pé nígbà tí àmì bá fi máa yọ, ewu ti wọlé, ó ti jókòó.

Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Bó ṣe ń kọ́ni ni kò dára. Lọ́jọ́ kan, Kàmọ́rù, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń wá síbẹ̀, mú èèpo ọta tí òun fúnra rẹ̀ ṣe wá, ó ní kí Ẹ̀gbọ́n bá òun wò ó. Adéfọlá wò ó, ó gbé e sókè lójú gbogbo èèyàn. "Ẹ wò ó," ó ní, "báyìí lèèyàn ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pósí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kàmọ́rù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò rí i ní gáréèjì náà mọ́. Adéfọlá kò pè é. Ó ní ọkùnrin tí kò bá lè gba ìbáwí, kó má fọwọ́ kan ẹ̀tù.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé orí ọta tí Adéfọlá máa ń lò tán nílé ìtajà, ó sì ra irú mìíràn. Eléyìí nípọn lẹ́nu, ó sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ bọ inú èèpo bíi ti àtẹ̀yìnwá, ìdí rẹ̀ á wọlé jinlẹ̀, àyè tí ẹ̀tù wà á sì há. Ẹ̀tù kan náà nínú àyè tó há, agbára rẹ̀ á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ta ló sì yẹ kó mọ èyí ju ẹni tó ń ṣọ́ èémí inú àyà àwọn aláìsàn lọ? Ó yẹ kó dín ẹ̀tù kù. Ó yẹ kó ṣe ìwọ̀nba díẹ̀, kó lọ yìn wọ́n, kó wo èèpo wọn, kó tó ṣe púpọ̀. Ó mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì dúró yí i ká lọ́jọ́ náà, ó ń sọ ìtàn fún wọn, ìtàn náà sì dùn. Bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ lọwọ́ rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ. Kí ìtàn tó parí, ọta ti kún àpótí.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Sọ́ńdè, ni Tòkunbọ̀ ṣe ọjọ́ ìbí. Tòkunbọ̀ ni àbúrò Rosemary. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, Túndùn ìyàwó rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn aláboyún, òun ló máa ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọmọ inú ikùn fún wọn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Àwọn olè kan ti fọ́ mọ́tò wọn níwájú apátímẹ́ǹtì wọn, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lọ ra ìbọn, kí wọ́n sì máa wá bí wọ́n ṣe máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Adéfọlá kó lára ọta tuntun náà sínú páálí, ó fi ríbọ́ọ̀nù dè é, ó gbé e lé Tòkunbọ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Tẹ́lẹ̀ rí, kì í fún ẹnikẹ́ni ní ọta tí òun fúnra rẹ̀ ò tíì yìn lára irú rẹ̀ wò. Òfin rẹ̀ nìyẹn, òun ló sì ṣe é. Lọ́jọ́ náà, ó rò pé òfin wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Tòkunbọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Túndùn kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ ṣeun gan-an ni, sà," ni Tòkunbọ̀ wí. "Handmade! Ta ló tún ní irú àna báyìí ní gbogbo Dallas?"

Adéfọlá ń gbọnrí, ó ń sọ pé kò tó nǹkan. Ó dùn mọ́ ọn pé gbogbo ilé rí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó gba frííwèé lọ sí ibi ìyìnbọn kan lápá Farmers Branch, níbi tí òun àti Ìtùnú ti máa ń pàdé. Apòògùn ni Ìtùnú, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni, ọ̀dọ̀ Adéfọlá ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo èèpo ọta. Àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì méjì kan wà nítòsí wọn lọ́jọ́ náà, àwọn tó máa ń dúró sínú gáréèjì. Adéfọlá ki ọta tuntun rẹ̀ sínú ìbọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yìn. Ìbọn náà tì í lọ́wọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó rò pé bóyá ó rẹ òun ni. Èèpo ń fò kọjá ibi tí wọ́n máa ń bọ́ sí, wọ́n ń lu ògiri.

Ìtùnú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣà wọ́n. Ó tò wọ́n sórí pèpéle tó wà níwájú Adéfọlá, ó da ìdí wọn sókè, ó sì fi èyí tó burú jù síwájú. Ìgbà tó tò wọ́n tán ló tó lanu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi wo àwọn wọ̀nyí. Ó lè jẹ́ pé ojú mi ni ò ríran dáadáa."

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá á mọ ohun tó sọ. Ọmọdé kì í wo ojú àgbà kó ní iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́. Á ní ojú òun ni ò ríran, kí àgbà lè rí àyè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìtùnú ṣí àyè sílẹ̀ fún un, àyè náà sì fẹ̀ dáadáa.

Adéfọlá tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Prámà gbogbo wọn ló tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀bá ibi tí abẹ́rẹ́ gún wú sókè. Èyí tó wà níwájú, ikùn rẹ̀ ti yọ lápá ìdí, ó sì ń dán níbi tó yọ. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Orí ọta tuntun ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, lẹ́yìn náà ni ìtàn tó ń sọ lọ́jọ́ tó ń ṣe wọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà yọ ohun tó fi bo etí rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, any problem?"

Kàmọ́rù ni Adéfọlá rí lójú ọkàn rẹ̀, bó ṣe dúró láàárín wọn tó ń fi tipátipá rẹ́rìn-ín.

"Kò sí nǹkan," ó wí. "Ìbọn tèmi yìí ni. That's how it treats primers. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́."

Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gbá èèpo náà jọ sínú àtẹ́lẹwọ́, ó sì kó wọn sápò ṣòkòtò. Ìtùnú wo àpò náà, ó wo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, Ẹ̀gbọ́n," ó wí, ó sì padà sídìí ìbọn tirẹ̀.

Ojú ti Adéfọlá débi pé kò lè gbé orí sókè. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, ó di ẹrù rẹ̀, ó jáde. Irọ́ ìbọn, irọ́ ẹ̀yìn: àárọ̀ kan ṣoṣo ló fi pa méjèèjì, ọkùnrin tó ti ń fi èèpo ọta wàásù òtítọ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Orí frííwèé ló ti rántí páálí ọjọ́ ìbí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mọ́ ọkọ̀ iwájú. Ohun tó tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà burú ni pé ó mọ irú ìbọn tí Tòkunbọ̀ rà. Irin ìbọn ti Adéfọlá gbá èèpo mú títí dé ìdí. Ti Tòkunbọ̀ fi apá kan ìdí rẹ̀ sílẹ̀ láìbò. Èèpo tó kàn wú nínú ti Adéfọlá lè ya nínú ti Tòkunbọ̀, kí iná rẹ̀ sì gba ìdí ìbọn jáde sọ́wọ́ ẹni tó mú un.

Bó ṣe délé, inú gáréèjì ló gbà lọ. Ó tú gbogbo ọta tó kù nínú àpótí, ó fa orí wọn yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó da ẹ̀tù inú wọn sọ́tọ̀. Ó ṣe é dáadáa, ó fara balẹ̀ ṣe é. Ibi tí kò sí ẹni tó ń wò ó ni ó ti ń ṣe ohun tó tọ́. Lẹ́yìn náà, ó wọ kíṣìn, níbi tí Rosemary ti ń dín dòdò, ó pe Tòkunbọ̀ lórí fóònù.

"Tòkunbọ̀, àwọn ọta yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n wà lórí shelf, sà. Mò ń fi wọ́n yangàn fún àwọn àlejò."

"Mo rò pé kí n bá ẹ pààrọ̀ wọn. Mo fẹ́ ṣe òmíì tó máa dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ah, rárá o, Bùrọ̀dá. Ẹ má ṣe wàhálà kankan. Èyí tẹ́ ẹ ṣe yìí gan-an ti dáa jù fún àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ."

"Kò sí wàhálà níbẹ̀. Mo lè wá gbé e."

"Bùrọ̀dá, ẹ̀bùn ni. Ta ló ń dá ẹ̀bùn àgbà padà? We're fine, sà. Ẹ sinmi."

Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ni Tòkunbọ̀. Bí àgbà bá ní òun fẹ́ tún un ṣe, á ní ó tó, á ní kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó kù kí Adéfọlá sọ gbólóhùn kan: má yìn wọ́n, wọ́n léwu, èmi ni mo ṣe wọ́n bà jẹ́.

"Ó dáa," ó wí. "Bá mi kí Túndùn."

Rosemary yí ojú sí i. "Kí ló ṣe àwọn ọta náà?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Mo kàn fẹ́ fún un ní èyí tó dáa ju ìyẹn lọ ni."

"O ti fẹ́ràn àbúrò mi jù," Rosemary wí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bu dòdò sínú àwo fún un. Adéfọlá jẹ ẹ́. Kò mọ adùn rẹ̀.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀, ikú ara wọn ni wọ́n ń sọ. Wọn ò ní kéèyàn gbé ikú fún ọmọ ẹlòmíì kí wọ́n má baà fi òun ṣẹ̀sín. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, inú a máa bí mi bí mo bá dé ibí yìí, nítorí fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, Tòkunbọ̀ kò sì tíì lọ síbì kankan. Adéfọlá sọ fún ara rẹ̀ pé bó bá di Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, òun á yà sílé wọn, òun á dọ́gbọ́n gbé páálí náà kúrò níbi tó wà. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ó fi sórí òrùlé, ó sì sùn.

Ní Sátidé, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù, ó ń tún ẹ̀rọ aláìsàn kan ṣe, nígbà tí fóònù gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Ìgbà tó ṣe tán ló tó yọ ọ́ wò: àwòrán ni Tòkunbọ̀ fi ránṣẹ́. Túndùn ló wà nínú rẹ̀, ó fi ohun aláwọ̀ ìyeyè bo etí, ó fi gíláàsì bojú, ó di ìbọn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ya fọ́tò. Páálí náà wà lórí pèpéle níwájú rẹ̀, wọ́n ti tú ríbọ́ọ̀nù rẹ̀. Ohun tí Tòkunbọ̀ kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: "Bùrọ̀dá, ẹ wo ìyàwó wa! Your gift is going to work today."

Adéfọlá bọ́ sí kọ́rídọ̀, ó pe Tòkunbọ̀. Kò gbé e. Ó pe Túndùn. Kò gbé e. Ta ló máa gbọ́ fóònù pẹ̀lú etí tó ti dí? Ó kọ̀wé ránṣẹ́, ó ń ṣi lẹ́tà tẹ̀: ẹ má yìn ín, ẹ má yìn ín. Ó wá nọ́ńbà ibi ìyìnbọn tí orúkọ rẹ̀ hàn lára ògiri inú àwòrán náà, ó pè wọ́n. Ó ní kí ọkùnrin tó gbé e bá òun wá obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó fi nǹkan aláwọ̀ ìyeyè bo etí. Kó tó sọ ìdí rẹ̀, ọkùnrin náà ti dá a lóhùn. Ó ní obìnrin náà ti kúrò níbẹ̀. Ó ní ìbọn ló bú mọ́ ọn lọ́wọ́, ọkọ rẹ̀ sì ti gbé e lọ sí ọsibítù.

"Ẹ ṣeun," ni ohun tí Adéfọlá rí sọ.

Nígbà tó dé ọsibítù tí wọ́n gbé Túndùn lọ, Tòkunbọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Bó ṣe rí Adéfọlá, ó sáré pàdé rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀ kọ́rídọ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá lọ dúró, ó ń wò wọ́n.

"Bùrọ̀dá, ẹ má bínú, sà. Ẹ má bínú rárá. Èmi ni mi ò kọ́ ọ dáadáa bó ṣe yẹ kó dì í mú. A ti ba ẹ̀bùn yín jẹ́."

"Dìde," Adéfọlá wí. "Báwo lọwọ́ rẹ̀?"

"Wọ́n ti rán an. Wọ́n ní ó ya láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Ìka ìfábẹ̀lá yẹn, kò mọ nǹkan báyìí tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. The doctor said we have to wait and see." Ó nu ojú rẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn ará ibi ìyìnbọn bi mí pé níbo la ti rí ọta. Mi ò dárúkọ yín, sà. Mo ní store la ti rà wọ́n. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi yín, mi ò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí yín."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ara tu Adéfọlá. Kó tó rántí ọwọ́ Túndùn, kó tó rántí èèpo tó wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ nílé, ohun tó kọ́kọ́ gba ọkàn rẹ̀ kọjá ni pé ọ̀rọ̀ náà ti bò. Ó gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé, "O ṣeun, Tòkunbọ̀." Ìgbà tó sọ ọ́ tán ni ìtìjú tó dé bá a gan-an, ó sì dé tagbáratagbára. Ọmọ tí òun fi sínú iná ló ń fi ara rẹ̀ bo òun, òun sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n wọlé. Rosemary jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Túndùn fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́, iná sì ti ta sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀. Gíláàsì ló gba ojú rẹ̀ là. Bó ṣe rí Adéfọlá, ó gbìyànjú láti dìde.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ má bínú pé mi ò lè kúnlẹ̀."

"Jókòó, jọ̀ọ́, jókòó," Adéfọlá wí. Rosemary gbé àga fún un. Ó jókòó létí rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ dìde.

"Bùrọ̀dá," Túndùn wí, "mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, torí ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé ibi tí mo gbé àtàǹpàkò mi sí ni kò dáa? Mo ti ń rò ó látàárọ̀. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo ṣe é, mo fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe."

Òótọ́ inú ló fi béèrè. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú, ó ká ìka rẹ̀, ó ń fi bó ṣe di ìbọn mú hàn án. Ó dì í mú dáadáa. Kò sí ibi kan tó ti ṣì.

Adéfọlá lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, gbogbo wọn á sì gbà á gbọ́, Túndùn á fi ẹ̀bi náà sórí ara rẹ̀ títí ayé. Ó wo ọwọ́ òsì náà, bó ṣe ká ìka rẹ̀ jọ tó ń dúró dè é.

"Ìwọ kọ́," ó wí. "Ọta náà ni. Èmi ni mo ṣe é bà jẹ́, agbára inú rẹ̀ ti pọ̀ jù." Ó gbójú kúrò lára ọwọ́ òsì náà. "Mo sì ti mọ̀. Mo rí i lára èèpo tèmi ní Ọjọ́bọ̀. Ìtùnú fi hàn mí, mo ní kò sí nǹkan."

Rosemary gbé orí sókè. "Ọjọ́bọ̀ tí mò ń dín dòdò?"

"Ọjọ́ náà ni."

"Mo bi ọ́."

"O bi mí."

Tòkunbọ̀ kò kúrò nídìí ilẹ̀kùn tó dúró sí. "Ẹ pè mí," ó wí, bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ ní ẹ fẹ́ pààrọ̀ wọn. Èmi ni mo ní ká fi í sílẹ̀."

"Má di ẹ̀bi náà ru ara rẹ mọ́, Tòkunbọ̀," Adéfọlá wí. "Má bá mi gbé e mọ́. Ó yẹ kí n sọ fún ọ pé ó lè gé ọ lọ́wọ́. Mi ò sọ ọ́."

Túndùn ti gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo Adéfọlá lójú.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́, sà?"

"Ojú ló ń tì mí."

Túndùn wo ọwọ́ tí wọ́n wé ní báńdéèjì, ó gbìyànjú láti mi ìka ìfábẹ̀lá tí ṣóńṣó rẹ̀ yọ síta, ó sì fi ìka ọwọ́ kejì kàn án, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá tòun ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bùrọ̀dá," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ bọ́ síta ná. Mo fẹ́ sunkún, mi ò sì lè sun ún níwájú yín."

Adéfọlá dìde. Tòkunbọ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó sì tì í lẹ́yìn rẹ̀. Rosemary kò tẹ̀ lé e jáde. Adéfọlá dúró ní kọ́rídọ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì gbọ́ nígbà tí ẹkún Túndùn bẹ̀rẹ̀.